Orúkọ Rẹ̀ Ti Wà Nínú Fáìlì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lọ́sàn-án, alẹ́ ni mo fi ń kọ̀wé. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ lọ́wọ́, ìlú yìí náà ni mo gbé e sí, láyé ìgbà tí ọkùnrin kan ń pa àwọn obìnrin kiri níbí. Apànìyàn tèmi gbọ́n bí ìjàpá, ó ń fi àlọ́ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi wá a. Níkẹyìn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi já àlọ́ tó gbẹ̀yìn, ó ká a mọ́ orí afárá, ìbọn dún. Ọ̀rẹ́ mi tó kà á ní irọ́ ni. Ó ní kò sí bí gbogbo ọlọ́pàá ìlú ńlá ṣe máa wá ẹnì kan ṣoṣo fọ́dún márùn-ún tí wọn ò ní rí i, àfi tó bá lo egbé. Ṣé kí n dín ọdún yẹn kù ni, àbí kí n fi kún ọgbọ́n rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má dín ọdún kù. Ọgbọ́n ọkùnrin yẹn ni kó o dín kù.

Ohun tó o fẹ́ fi ṣe àròsọ yìí ṣẹlẹ̀ lójú ayé níbi tó o wà yẹn. Peter Sutcliffe lorúkọ ẹni tó ṣe é. Awakọ̀ lọ́rì ni, Bradford lòun àtìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1975 ló pa obìnrin àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí, ní Chapeltown. Oṣù Kọkànlá ọdún 1980 ló pa ìkẹtàlá, ní Headingley. Àwọn méje mìíràn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ tí kò tán lára wọn. Ọdún márùn-ún gbáko, bíi ti ìwé rẹ. Ní ti ọdún, ọ̀rẹ́ rẹ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó jàre níbì kan: kò sí bí wọ́n ṣe máa wá èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní rí i. Wọ́n rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ kó tó di pé wọ́n mú un. Wọ́n dé ilé rẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè, wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kí i pé ó dàárọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání nìyẹn. Apànìyàn ìlú ńlá kì í sábà sá pamọ́. Orúkọ rẹ̀ ló máa ń sá pamọ́, sáàárín orúkọ àwọn ẹlòmíì.

Wo ọ̀rọ̀ owó bébà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 1977, ọkùnrin yìí gbé obìnrin kan ní Manchester, ó fún un ní pọ́n-ùn márùn-ún, ó sì pa á. Ìgbà tó yá ni ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ sí i: bébà tuntun yányán ni, láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ti yọ ọ́, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Ó ń retí kí ìwé ìròyìn gbé e pé wọ́n ti rí òkú, kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ó padà síbẹ̀ lóru, ó wá báàgì obìnrin náà títí, kò rí i. Ọlọ́pàá ló wá rí báàgì náà, owó sì wà nínú àpò inú tó fara sin. Wọ́n tọ nọ́ńbà náà dé báǹkì ní Shipley àti Bingley, láti báǹkì dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ fi san owó ọ̀sẹ̀. Nǹkan bí 8,000 òṣìṣẹ́ ni owó náà lè bọ́ sí lọ́wọ́. Nǹkan bí 5,000 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Sutcliffe wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ bá a lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ó ní ilé lòun wà, ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí síbẹ̀.

Ẹni tó fi owó iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pa, ìjàpá wo ló wà níbẹ̀? Òmùgọ̀ kọ́, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn lásán ni, tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ń ríbi gbà lọ torí pé àwọn tó ń wá a ní iṣẹ́ tó pọ̀ ju ọwọ́ wọn lọ.

Wàá bi mí pé, tí orúkọ kan náà bá ń jáde ṣáá, ṣé wọn ò lójú ni? Orí kan gbáko ni kó o fi dáhùn ìyẹn, má fi ìpínrọ̀ kan ṣe é. Gbé òǹkàwé rẹ wọ téṣàn Millgarth, níbi tí wọ́n ti ń darí iṣẹ́ náà láàárín Leeds. Wọ́n ti wó o báyìí, wàá ti kọjá níbẹ̀ lọ ra nǹkan láìmọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú yàrá náà. Káàdì ló wà níbẹ̀: orúkọ kan, káàdì kan, káàdì nínú dúrọ́ọ̀, dúrọ́ọ̀ lórí dúrọ́ọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá wọlé, wọ́n á kọ iṣẹ́ sórí bébà pé kí ọlọ́pàá kan lọ rí lágbájá. Ọlọ́pàá á lọ, á dé, á kọ ohun tó rí. Ohun tó kọ á bọ́ sórí òkìtì, á máa dúró de ẹni tó máa kà á, tó máa yẹ dúrọ́ọ̀ wò bóyá lágbájá ti ní káàdì, tó sì máa so ó pọ̀. Òkìtì yẹn ò tán. Kó tó kan bébà ti àná, wọ́n ti rán ọlọ́pàá mìíràn sí lágbájá kan náà lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ọlọ́pàá ọ̀hún ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn yẹn rí. Orúkọ tó wà nínú àkójọ náà lé ní 250,000. Sítétímẹ́ǹtì lé ní 30,000. Bébà wúwo débi pé wọ́n ní láti ti ilẹ̀ yàrá náà kó má baà jìn.

Mo fẹ́ràn àwòrán yẹn ju ti afárá àti ìbọn rẹ lọ fíìfíì. Ilẹ̀ téṣàn ń dún lábẹ́ ẹrù orúkọ, orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá sì wà nínú ẹrù náà, ó tún ń dá kún un.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1969, ọdún mẹ́fà kí pípa tó bẹ̀rẹ̀, ọlọ́pàá ká ọkùnrin yìí mọ́ inú ọgbà onílé kan ní Bradford lálẹ́, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kó san owó ìtanràn torí pé ó gbé ohun èlò olè dání. Ohun tó wá wọ àkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olè. Òòlù ò wọlé. Nígbà tó fi máa di pé gbogbo ọlọ́pàá Yorkshire, ilẹ̀ tí Leeds àti Bradford wà, ń wá ẹni tó ń fi òòlù fọ́ àwọn obìnrin lórí, ẹni bá yẹ fáìlì rẹ̀ wò, olè kékeré ló máa rí.

Ní ti àlọ́ tí apànìyàn rẹ ń fi ránṣẹ́, má yọ ọ́ kúrò. Ẹlòmíì ni kó o gbé e fún.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Lẹ́tà mẹ́ta dé láàárín ọdún 1978 sí 1979, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 1979, kásẹ́ẹ̀tì kan dé bá George Oldfield, ọ̀gá tó ń darí ìwádìí náà. Ohùn ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ní Jack lorúkọ òun, tó ń fi Oldfield ṣẹ̀sín pé kò tíì súnmọ́ òun rárá. O mọ̀ bí a ṣe máa ń gbọ́ ẹni tó pe ilé ní ulé tí a ti mọ̀ pé ọ̀nà Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ làwọn onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Leeds ṣe gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n ní ohùn ará Sunderland ni, ìlú kan lókè àríwá, wọ́n tiẹ̀ tọ́ka sí àdúgbò Castletown níbẹ̀. Wọ́n tọ̀nà. Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ni kì í ṣe apànìyàn. Àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn padà kìlọ̀ pé ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń fi ọlọ́pàá ṣeré, ṣùgbọ́n Oldfield ti gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n lẹ ọwọ́ ìkọ̀wé inú lẹ́tà náà mọ́ pátákó ojú títì, wọ́n ya nọ́ńbà fóònù sọ́tọ̀ tí aráàlú lè pè láti gbọ́ ohùn náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí ohùn rẹ̀ ò bá jọ ti Sunderland, tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ò sì jọ ti lẹ́tà, wọ́n á fàmì sí i pé kó máa lọ. Sutcliffe, ọmọ bíbí Bingley, ń sọ̀rọ̀ bí ará Bingley. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ó tún pa obìnrin mẹ́ta.

Ẹni tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà, John Humble, ọdún 2006 ló tó wẹ̀wọ̀n, nígbà tí itọ́ tó fi lẹ ẹnfilóòpù ọjọ́sí tú u fó. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n dá fún un.

Oṣù kan lẹ́yìn tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ọlọ́pàá méjì tí kò ní ipò kankan lọ sí ilé Sutcliffe torí pé wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò àwọn aṣẹ́wó. Ọ̀kan nínú wọn wo ọkùnrin náà, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó rí irùngbọ̀n, ó rí eyín tó ní àlàfo níwájú, ó rántí àwòrán tí wọ́n yà láti ẹnu àwọn obìnrin tó bọ́. Ó délé iṣẹ́, ó kọ ìwé pé kí wọ́n tún ọkùnrin yìí yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀gá ò rí Sunderland nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ìwé náà sí fáìlì. Àbúrò, tí o bá ń wá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí òǹkàwé máa fẹ́ràn dénú, ẹni yẹn nìyẹn. Ó rí òótọ́ ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kí wọ́n tó mú un, kò sì sí ohun tó lè fi òótọ́ náà ṣe.

Mo fẹ́ kó o dúró díẹ̀ lórí àwọn obìnrin wọ̀nyí, torí nínú orí mẹ́rin tó o fi ránṣẹ́ sí mi, òkú nìkan ni wọ́n jẹ́. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé aṣẹ́wó ni ẹni yìí kórìíra. Ìpinnu yẹn di asẹ́: ẹni tí kò bá jọ aṣẹ́wó, wọn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó kọ lù ní abúlé kan lọ́dún 1975 ṣàpèjúwe rẹ̀ débi pé àwòrán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ iléèwé ni, kò lè jẹ́ ẹni kan náà. Obìnrin dúdú kan ní Leeds tó yè é lọ́dún 1976 sọ irú irun rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀. Wọn ò ka ẹ̀rí rẹ̀ sí. Nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kú lọ́dún 1977, àwọn ọlọ́pàá àti oníròyìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló kú báyìí, bíi pé àwọn tó ti kú ṣáájú mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n ní káwọn obìnrin má jáde lálẹ́. Àwọn obìnrin Leeds tú síta lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ń béèrè ìdí tí kì í fi í ṣe ọkùnrin ni wọ́n ní kó jókòó sílé. Ọdún 2020, lẹ́yìn tí Sutcliffe kú, ni ọlọ́pàá West Yorkshire tó tọrọ àforíjì lórí irú èdè tí wọ́n lò nígbà náà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ta sí àwa Yorùbá létí lọ́nà tí kò lè gbà ta sí ẹlòmíì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ọdún kan náà tí òòlù yẹn sọnù nínú àkọsílẹ̀, wọ́n gbé òkú David Oluwale jáde nínú odò Aire ní Leeds. Ọmọ wa ni, inú ọkọ̀ ojú omi ló fara pamọ́ sí láti Èkó lọ́dún 1949. Ó ṣàìsàn ọpọlọ, kò nílé, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Àwọn ọlọ́pàá Leeds méjì sọ ọ́ di ohun ìṣeré alẹ́, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń lé e kiri. Wọ́n ṣẹ̀wọ̀n lórí rẹ̀ lọ́dún 1971. Nínú ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí, èébú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ. Bí o bá gba orí afárá rẹ̀ kọjá, èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè lọ́dún 2023, rántí pé kì í ṣe pé fáìlì máa ń sọ nǹkan nù nìkan. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ ló ń pinnu ẹni tó jẹ́ èèyàn nínú rẹ̀. Ìlú kan náà ni. Bí o bá fẹ́ kí ìtàn rẹ ní ẹni tó ń sọ Yorùbá nínú, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà. Kò dìgbà tó o bá já ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan láti òfuurufú.

Kó o sì fún gbogbo wọn lórúkọ tuntun. Leeds lo wà. Àwọn ọmọ àwọn obìnrin yẹn ṣì wà láyé, ẹ lè jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà láàárọ̀ ọ̀la.

Ó ku bí wọ́n ṣe máa mú un. Àwọn àgbà wa ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, àmọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ kan yẹn kì í sábà jẹ́ ti olóhun. Ti ẹni tó ń kọjá lọ ni. Ní New York, ẹni tó pa èèyàn mẹ́fà láàárín ọdún 1976 sí 1977, tí nǹkan bí 300 ọlọ́pàá ń wá, tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn ló mú un: ó gbé ọkọ̀ síwájú ẹ̀rọ omi panápaná ní Brooklyn lóru tó yìnbọn kẹ́yìn, obìnrin kan tó mú ajá rìn jáde sì rí ọlọ́pàá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì ò mọ ohun tó kọ.

Ti Yorkshire tún pani lẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1980, ọ̀rẹ́ Sutcliffe kan kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá, ó dárúkọ rẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kejì ó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí téṣàn ní Bradford. Lẹ́tà yẹn bọ́ sórí òkìtì. Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1981, tí sájẹ́ǹtì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti ọlọ́pàá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rí ọkọ̀ Rover kan nínú òkùnkùn ní Melbourne Avenue, ní Sheffield. Sheffield ò sí lábẹ́ ọlọ́pàá West Yorkshire tó ń wá a rárá; ọlọ́pàá mìíràn ló ni ibẹ̀. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà nínú ọkọ̀. Ọkùnrin náà pe ara rẹ̀ ní Peter Williams. Wọ́n fi rédíò béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ náà: ti Skoda ni. Ó ti jí i lára ọkọ̀ mìíràn, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé e. Kí wọ́n tó gbé e, ó ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, wọ́n sì jẹ́ kó lọ sẹ́yìn ilé tó wà níbẹ̀.

Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Dewsbury torí pé ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti sọnù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, sájẹ́ǹtì yẹn padà wá síṣẹ́, ó gbọ́ pé àwọn tó ń wá apànìyàn Yorkshire ò tíì jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ. Ó dúró. Ó rántí ìtọ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó padà sí Melbourne Avenue, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn táǹkì epo tó wà lẹ́yìn ilé náà, ó sì rí òòlù kan àti ọ̀bẹ kan nínú ewé gbígbẹ. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù, Sutcliffe jẹ́wọ́.

Nítorí náà, fi afárá yẹn sílẹ̀, kó o sì gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ. Fi orúkọ apànìyàn náà sórí káàdì ní orí kẹta, níbi tí òǹkàwé máa rí i tí ọlọ́pàá ò ní rí i, kó o sì jẹ́ kó máa yọjú ní orí karùn-ún, ní orí kẹjọ, lórí bébà tí ẹnì kan gbé kọfí lé. Ọ̀rẹ́ rẹ ò ní sọ pé irọ́ ni mọ́. Inú ló máa máa bí i. Nígbà tó bá wá di orí tó kẹ́yìn, mú sájẹ́ǹtì kan wá tí kò já àlọ́ kankan rí láyé rẹ̀, tó dúró sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́, tó ń rò ó pé ẹni tó kàn fẹ́ tọ̀ ò yẹ kó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀.